Béèrè Kí O Tó Kí Wọn

Lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀,
Ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ Àìkú mọ́jú Ọjọ́ Ajé.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Gbẹ́nàgbẹ́nà,

Bí yunifásítì kò bá ní ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn wo ni ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú yóò kàn, ta ni yóò sì dá a lóhùn? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Ìwọ lo fà á. Nínú lẹ́tà rẹ, o ní ó ń wù ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń lọ, àmọ́ ẹ̀rù ń bà ọ́ pé lọ́jọ́ tí ìwé bá dojú rú, ìwọ nìkan ni wàá jókòó máa wo ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá.

Kí n tó dáhùn, báwo ni ara? Ṣé àtàǹpàkò tí o fi òòlù lù ti jinná? Ìyàwó ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Màmá ńkọ́, ṣé eékún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ pé ìgbà wo ni àga tí o ṣèlérí máa dé. Èmi ò sí níbẹ̀ o, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́.

Bí mo ṣe kí ọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìkíni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ní yunifásítì.

Mo kọ àròkọ kan lórí ìtàn iṣẹ́ onígbàjámọ̀ tí mò ń ṣe. Mo kọ ọ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo kọ síbẹ̀ pé àwọn àgbà sọ pé onígbàjámọ̀ ni dókítà láyé àtijọ́, pé ọwọ́ tó ń fá orí náà ló ń fa eyín, òun náà ló sì ń tọ́jú egbò. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí mi ò rí rí àfi nínú àwòrán, dá a padà. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ “àwọn àgbà sọ pé,” ó wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Àwọn àgbà wo? Nínú ìwé wo? Ojú ewé wo?”

Ǹjẹ́ o ti rí ẹni tó bi àgbà ní ojú ewé rí? Inú kọ́kọ́ bí mi. Àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó lọ, ó ń jọ mí lójú pé obìnrin náà lè jàre. Ta tiẹ̀ ni àwọn àgbà tí à ń wí yìí? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, mi ò sì tíì pàdé ọ̀kan tó gbà pé òun lòun sọ ọ́.

Ó ní kí n tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àfi kí n tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. O mọ ìyàwó mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìwé yìí ló ti ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Abẹ. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi lè fìdí rẹmi, orúkọ yẹn máa bá mi dé sàréè.

Mo wá rántí pé yunifásítì náà ní ilé-ìkàwé, àti pé ibì kan wà lórí ìkànnì rẹ̀ tí ènìyàn ti lè kọ ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ á fèsì lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí i. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé: “Ẹ káàbọ̀. Kí ni mo lè ṣe fún yín?”

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣé bí mo ṣe ń pàdé ènìyàn ni mo máa ní “Gbé ìwé fún mi”? Mo fi ìka kan ṣoṣo tí mo fi ń tẹ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ó ní: “A dúpẹ́. Ìbéèrè yín ńkọ́?” Mi ò tíì béèrè ilé! Mo béèrè ilé. Ibi tí mo ti ń wá lẹ́tà lórí bọ́tìnì kí n lè béèrè àwọn ọmọ ni ojú ìwé náà ti pa dé, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ìbéèrè kankan. Nígbà tó dọjọ́ kejì, mo padà lọ. Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ẹni tí mi ò tíì kí rí. Kí ni mo lè ṣe? Mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí oorun. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bá a lọ títí ó fi ku ọ̀la kí ọjọ́ Jímọ̀ pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wà lórí oníbàárà kan, awakọ̀ ni, mo ti fá apá kan orí rẹ̀, apá kejì ṣì dà bí igbó, ni fóònù dún. Ọwọ́ mi ò ṣófo, mo bá ṣí ohùn rẹ̀ síta.

“Ẹ káàsán, sà. Láti ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn yunifásítì ni mo ti ń pè. Ṣé ẹ wà dáadáa?”

Inú mi dùn. Ẹni tó mọ ìkíni rèé! Mo ní, “A wà dáadáa, ìyá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ilé ńkọ́?”

Ó ní, “Sà, ṣé ẹ ní ẹni tí ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀?”

Awakọ̀ ò jẹ́ kí n lanu. “Màdáàmù, ẹ gbà wá o! Bàbá yìí ò dákẹ́ rí! Orí mi ni wọ́n gbà dúró tí wọ́n fi ń rojọ́ látàárọ̀!”

“Ta nìyẹn, sà?”

“Ẹ má dá a lóhùn. Ìlàjì orí ló ní.”

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. “Àwọn ará ilé-ìkàwé ló ní kí n pè yín. Wọ́n ní ẹ máa ń wá lójoojúmọ́, ẹ ó béèrè oorun wọn, ẹ ó béèrè ilé wọn, ẹ ó sì lọ láìbéèrè nǹkan kan. Ọkàn wọn ò balẹ̀. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ìdánìkanwà ló ń bá yín jà.”

“Èmi kọ́ ni mò ń lọ!” ni mo pariwo. “Àwọn ló ń tilẹ̀kùn mọ́ mi! Mi ò tíì kí wọn tán ni!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kí wọn. Ìkíni ò ní tutù.”

Nígbà tó gba ara rẹ̀ padà, ó la ojú mi. Ó ní tí àìsàn tàbí iná mànàmáná bá dí mi lọ́wọ́, mo lè tọrọ ọjọ́ sí i, àmọ́ kí ọjọ́ tó pé ni, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kọjá. Olùkọ́ kan wà tó máa ń bá ènìyàn ka àròkọ kó tó fi ránṣẹ́. Àwọn tí ẹ̀rọ bá ṣòro fún ní ẹni tí wọ́n lè pè, ẹni tí ojú bá sì ń dùn lè gba ìwé tí wọ́n fi ohùn kà sínú ẹ̀rọ. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Ó ní wọ́n sọ ọ́, pé gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo rántí ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ìkíni lásán ni, mo fò ó.

Mo bẹ awakọ̀ pé kó ní sùúrù, mo padà sí ilé-ìkàwé lórí fóònù. Mo kọ ọ́ láìkí ẹnikẹ́ni: “Níbo ni mo ti lè rí ìwé tó sọ pé onígbàjámọ̀ máa ń fa eyín?” Ó ṣe mí bí ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé àna. Kíá, òṣìṣẹ́ náà ti gbé ìwé méjì síwájú mi pẹ̀lú ojú ewé wọn, ó sì fi bí màá ṣe kọ wọ́n sínú àròkọ hàn mí. Mo ka ti àkọ́kọ́ sókè: ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, onígbàjámọ̀ ló ń fa eyín lóòótọ́. Awakọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. “Orí nìkan ni mo gbé wá o!”

Òṣìṣẹ́ náà béèrè bóyá ó ku nǹkan kan. Mo ní ó kù: ilé ńkọ́?

Ìwọ náà mọ ayé òní, mo ti ń rò ó lọ́kàn mi bóyá ẹ̀rọ ni mò ń kí. Nígbà tó yá, ó ní: “Ọmọ mi ń hu eyín, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè.” Mo ṣì ń ṣiyèméjì, o mọ̀ mí. Àmọ́ ẹ̀rọ tó bá lè purọ́ pé ọmọ òun ń hu eyín, ó yẹ ká kí òun náà. Mo fẹ́ fi kún un pé iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mò ń ṣe, mo wá rò ó pé ó lè gbé ọmọ sá.

Mo fi àròkọ náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lánàá ni èsì dé: mo yege. Olùkọ́ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, “Àwọn àgbà ti ní ojú ewé báyìí. Ẹ máa bá a lọ.” Mo gbé e han ìyàwó mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n Abẹ, oúnjẹ yín ń tutù.” Ó jọ pé ohùn tó fi pe orúkọ náà ti yàtọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mò ń tan ara mi.

Nítorí náà, forúkọ sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwé máa dojú rú. Àmọ́ àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, wọn kàn ò rí ojú rẹ ni, wọn ò lè mọ ibi tó ti ń dùn ọ́ àfi tí o bá kọ́kọ́ sọ. Ka ọ̀rọ̀ ìkíni wọn tán. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Má ṣe bi mí ní ojú ewé.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Rántí àga. Ojú ọ̀run ti ń funfun lẹ́yìn fèrèsé, àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ sì ti ń kí ara wọn. Mo ti pa àtùpà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni ní ṣókí,

Ọ̀jọ̀gbọ́n Abẹ.