Ṣúgà Inú Nónò

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n lórí rédíò, mo kí yín láti Sábó, ní Zaria. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àtọ̀gbẹ ló pa ọkọ mi. Dókítà ní ó ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí yóò bá mu nónò, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, kó má fi ṣúgà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bù ú fún un. Ìyá rẹ̀ a máa bú mi: "Ṣé ọmọ òrukàn lo sọ ọmọ mi dà ni? Ta ní ń mu nónò láìsí ṣúgà?"

Lọ́jọ́ fìdáù, Ìyá ń sunkún: "Mo ṣáà gbìyànjú. Ìgbàkígbà tó bá yà sọ́dọ̀ mi, mo ń po ṣúgà sí nónò fún un."

Ọkọ mi kò sọ ọ́ fún mi rí.

Gbogbo Jímọ̀ ni Ìyá ń fi nónò ṣe sàráà fún un báyìí. Èmi ló ń pè: "Ìyàwó mi, wá po ṣúgà sí i. Jẹ́ kó dùn bí ọmọ mi ṣe ń fẹ́ ẹ."

Mo sì ń pò ó. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ ohun tí dókítà wí fún Ìyá ni, àbí kí n máa pò ó lọ?