Ẹni Tí Yóò Wo Alhaji Sàláúdéènì Lójú

Ilé Onífìlà,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Karimat Àjíkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kọ́kọ́ dìde kí o gba àdúrà yìí kí o tó kà á síwájú: Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, mọ́tò kò ní gbá ọ, ọ̀kadà kò ní gbé ọ ṣubú, ìwé tí o ń kà kò sì ní dà ọ́ lórí rú. Ṣé o ti ṣe àmín? Ó dára, padà jókòó. Àwa náà wà bí a ṣe wà. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewúrẹ́ ilé kejì ti bí ìbejì sí ẹnu ọ̀nà wa, òrùlé wa tó ń jò sì ti dẹ́kun jíjò láti ìgbà tí òjò kò ti rọ̀ mọ́. Ìyá Àgbà Sẹ̀gilọlá, ìyá tó bí mi lọ́mọ, ń kí ọ títí, ó ní kí n kọ gbogbo kíkí náà sílẹ̀, mo ní bébà kò tó.

Ẹrù tí o fi rán Táíwò awakọ̀ dé lọ́wọ́ wa. Aṣọ tí o rán wà níbẹ̀, bébà tí o ya ètò magasíìnì rẹ sí náà wà níbẹ̀. Karimat, inú mi dùn débi pé òdì ni mo rán fìlà oníbàárà kan lọ́jọ́ náà. Èmi Àkíbù, tí n kò kọjá ìwé mẹ́fà, ọmọ mi ló wá fẹ́ gbé odindi ìwé oge àti orin jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́! Mo lẹ bébà náà mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra fìlà, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbàgbé fìlà wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù. O ní Precious ọ̀rẹ́ rẹ, tó yẹ kó wọ aṣọ náà kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí iwájú ìwé, ti ṣí lọ sínú magasíìnì ẹlòmíràn, àti pé bí fọ́tò iwájú ìwé kò bá dé ọwọ́ olùkọ́ yín, Màdáámù Bertha, ní ọjọ́ Jímọ̀, ìwọ yóò tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ láàárín àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ. O ní kí a fi aṣọ náà wọ Mutmainnah ọmọ àbúrò mi, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ rí bákan náà, kí a sì ya á. Lẹ́yìn náà o bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn dùn mí wọra. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bó bá ṣe pé èmi Àkíbù wà láyé, ọmọ mi kò ní tún ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nítorí Precious.

Mo wá jókòó ti àwọn òfin tí o kọ sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà, èyí tí Màdáámù Bertha ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, mo kà wọ́n dáadáa, mo sì bá ọ tún àwọn tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ó ní kí ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yí fọ́tò ká, èyí tí kò ní tú gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá rí i lè fẹ́ ra ìwé náà kí ó lọ ka ìyókù nínú rẹ̀. Obìnrin yẹn gbọ́n, ilé rere ló ti jáde, torí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n pé kí ẹ kọ iye owó sí igun ìwé, ìyẹn kò yé mi rárá. Ta ní ń kọ iye sára ọjà kí oníbàárà tó dé? Ẹni tí kò nájà, ṣé ọjà ló rà yẹn? Kó bù ú sílẹ̀, kí ìwọ náà búra pé o kò jèrè, kó ṣe bí ẹni ń lọ, kí o pè é padà, ibẹ̀ ni adùn ọjà wà. Mo ti fi bírò pa iye náà rẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Ẹ bèèrè, a ò ní jà.

Ohun tó wá kó mi lọ́kàn sókè ni àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí o fà sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí wọ́n dúró gangan bí eyín òòyà, tí nọ́ńbà sì tò sábẹ́ wọn. Mo wò wọ́n títí, mo ní ilà ojú ta nìyí? Bó bá ṣe pélé ni, ó ti pọ̀ jù, ọwọ́ olóólà ti sá lọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí àwọn tó ń kàwé mọ ilé tí ìwé náà ti jáde, orí mi sì wú, ṣùgbọ́n àbàjà là ń kọ nílé tiwa, Karimat, ṣe ni ilà tiwa máa ń dùbúlẹ̀. Mo ti bá ọ dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀, mo sì dín wọn kù kí wọ́n lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ilà onílà ta ìwé ọmọ mi.

Aṣọ náà dára, ọwọ́ rẹ mọ́, mo sì fi yangàn ládùúgbò. Àmọ́ mo rí i pé aṣọ kò tó ọ rán, èjìká òsì kò sí níbẹ̀ rárá. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, kò sí aránṣọ tí aṣọ kò já kulẹ̀ rí. Mo fi òfì pupa tó ṣẹ́kù lára fìlà ọkọ ìyàwó kan bá ọ parí èjìká kejì, mo sì ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ìyá rẹ ní bóyá bí wọ́n ṣe ń rán an l'Ékòó nìyẹn. Mo bi í pé ṣé otútù kì í mú èjìká kan l'Ékòó ni.

Nípa ti orin, mo mú àwọn ìbéèrè tí o ní kí a bi olórin kan tọ Fàsásì lọ, ọmọ ilé kejì tó máa ń fi wéré jí wa fún sààrì nínú ààwẹ̀, tó tún ń kọrin níbi ìsọmọlórúkọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, Ta ni ọ́? Ó tì mí lójú láti bi í, èmi tí mo bá bàbá rẹ̀ ṣeré òṣùpá, ṣùgbọ́n nítorí tìrẹ mo bi í. Kò jẹ́ kí n panu dé tó fi gbé orin sókè, ó ní Àkíbù onífìlà ni òun mọ̀, ọkọ ìyá Karimat, baba ọmọ tó ń ṣèwé l'Ékòó, fìlà rẹ ló ń bo orí olówó. Mo ní kí ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ orin. Ó ní àwọn èèyàn bíi tèmi tó mọyì akọrin ni, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní náwó? Mo náwó. Àwọn ará ilé jáde síta wá wòran, mo tún náwó. Nígbà tí a fi máa parí, gbogbo ìdáhùn tí mo kọ sílẹ̀ ti di oríkì mi, n kò sì lè yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, torí òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òfin ní kí ẹ fa gbólóhùn kan yọ nínú ọ̀rọ̀ olórin, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí àárín ojú ìwé. Mo ti bá ọ mú èyí tó sọ nípa fìlà.

Ó wá ku fọ́tò, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òfin tí o fa ìlà pupa sí nídìí ni pé ẹni tó bá wà níwájú ìwé gbọ́dọ̀ wo òǹkàwé lójú kòrókòró, bí kò bá wò ó, Màdáámù Bertha kò ní gbà á. Mo ránṣẹ́ pe Alhaji Sàláúdéènì ayafọ́tò ní Bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ya ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Mutmainnah wọ aṣọ, ó rẹwà, ó jókòó sórí àga lójúde. Alhaji ní kó wo òun. Ọmọ wolẹ̀. Ó ní wò mí, ọmọ ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ló bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ó kúnlẹ̀. Ìyá rẹ jágbe mọ́ ọn, ó tún wolẹ̀ sí i, àárín orí rẹ̀ nìkan ló wà nínú fọ́tò, ká sòótọ́, irun náà dì dáadáa. A ní kó wo ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn Alhaji, ewúrẹ́ rìn lọ, ojú ọmọ sì bá ewúrẹ́ lọ. Mo fi aṣọ ìbora bo Alhaji àti kámẹ́rà pa pọ̀, mo ní Mutmainnah, kò séèyàn níbẹ̀ mọ́, aṣọ lásán ni, wò ó. Ó ní òun mọ̀ pé Alhaji wà lábẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn Òkè Mápó, Jímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹkún rẹ sì tún ń dún létí mi. Mo fẹ́ bínú sí Mutmainnah, n kò rí ibi tí mo máa gbà bínú, torí ká ní ó wo Alhaji lójú ni, èmi fúnra mi ni n bá kọ́kọ́ gbá a létí. Ẹ̀rù bà mí gidi, mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Mo jókòó sórí ìpìlẹ̀ ilé, mo ronú. Ta ló lè wo Alhaji lójú tí kò ní di àfojúdi? Ẹni tó bá jù ú lọ ni. Ta ló wá ju Alhaji lọ nínú gbogbo agboolé wa? Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi wá rẹ́rìn-ín. Òun ló gbé Alhaji dání lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.

Karimat, aṣọ rẹ bá ìyá mi mu rẹ́gí! Mo gbé fìlà gọ̀bì lé e lórí, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún bí bàbá mi ṣe máa ń dé e. Ó jókòó, ó wo Alhaji. Ó wò ó! Àfi bí Alhaji náà ṣe wolẹ̀. Àgbà ayafọ́tò, kò lè gbójú sókè wo ẹni tó pọ̀n ọ́n rí. Fọ́tò àkọ́kọ́ jẹ́ bàtà Ìyá Àgbà, èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ìyá Àgbà ní Sàláúdéènì, gbórí sókè, mo ti fọ ìdí rẹ kí irùngbọ̀n tó dé. Ilé rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi sùn sílẹ̀, Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbórí sókè.

Kó tó tẹ kámẹ́rà, Ìyá Àgbà bi mí pé ta ni yóò wo fọ́tò náà. Mo ní Karimat ni. Ó ní, nínú ihò dúdú yẹn? Mo ní ibẹ̀ gan-an ni yóò ti rí yín. Ó tún fìlà ṣe, ó sì wo inú ihò náà, n kò rí irú ojú yẹn lójú ìyá mi láti ọjọ́ tí a ti sìn ọ́ dé gáréèjì.

Fọ́tò náà ló wà láàárín páálí méjì yìí. Alhaji ní kí òun fi wọ́ọ́sáàpù ránṣẹ́ sí ọ, mo kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo òpó fóònù tó wà láti Mápó dé Èkó ni yóò gbà kọjá, àwọn aránṣọ ojú ọ̀nà á ti rí i, wọ́n á sì ti jí èjìká wa rán. Táíwò yóò gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la, kí Jímọ̀ tó dé. Bí Màdáámù Bertha bá ní ìwé àwọn ọ̀dọ́ ni, kí ni àgbà ń wá níwájú rẹ̀, sọ fún un pé òfin tirẹ̀ náà la tẹ̀lé.

Nípa owó, n kò fẹ́ dà ọ́ láàmú, mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Ṣùgbọ́n owó tí mo ná fún Fàsásì, iṣẹ́ rẹ ni mo fi ṣe, ìwé rẹ ló yẹ kó san án padà nígbà tó bá tà. Alhaji ní òun kò gba kọ́bọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ní kí o fi owó ọṣẹ òun kún un. Má fi rán báńkì o, wọ́n ní kí n mú nọ́ńbà wá, mo fún wọn ní nọ́ńbà ara ilé wa, wọ́n ní kì í ṣe òun, bẹ́ẹ̀ òun náà ló wà níbẹ̀ láti ayé bàbá mi. Fi rán Táíwò.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí orúkọ rẹ tóbi ju orúkọ ìwé rẹ lọ. Àwọn oníbàárà yóò wọ́ tọ̀ ọ́, wọn yóò ná an, ìwọ yóò sì jèrè. Ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ, ẹni tó sá kúrò nínú ìwé rẹ yóò padà wá bẹ̀ ọ́ kí o fi òun sí i, àmín.

Alhaji ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ìrọ̀lẹ́ ìjẹta, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò gbà kí a bọ́ aṣọ rẹ lọ́rùn òun. Ó ní o ti rí òun, òun kò tíì rí ọ. Bó bá ti jí báyìí, orí àga yẹn ló ń jókòó sí lójúde, á kọjú síbi tí kámẹ́rà dúró sí, ó ní tìrẹ ni òun ń dúró dè. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un. Jọ̀wọ́, bí Màdáámù Bertha bá gba iṣẹ́ náà, wọ mọ́tò wá sílé. Bí kò bá sì gbà á, ṣáà wọ mọ́tò wá sílé. Bí o bá dé, kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà bí a ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n má wolẹ̀ o. Wò ó lójú. Èmi bàbá rẹ ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkíbù onífìlà.