Ìkòkò Ará Jàpáànù Níwájú Ìyá Ọkọ Mi

                                                  Ilé Àlàájì Uthman,
                                                  Lẹ́yìn ọjà Al-Baghdadiyah,
                                                  Jẹ́dà, Sáúdí Arébíà.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1995.

Kìfáyàtù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àtijọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́, àfi ti ikùn mi tó ti yọ síwájú débi pé n kò rí ìka ẹsẹ̀ mi mọ́.

Lẹ́tà rẹ tí Salaudeen mú bọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní gbogbo Ìwó ti gbọ́ pé ìyá ọkọ mi fẹ́ máa bọ̀ nílé kí n tó bímọ, o sì ń bi mí, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ tí mo mọ̀ bí ẹní mowó, bóyá ọbẹ̀ mi ni mo fi lé wọn. Ìwọ tí o jẹ́ kí odindi ìkòkò ẹ̀wà jóná lọ́jọ́ tí àwọn àna rẹ wá kí ọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nígbà tí Ìyá ṣe Úmúrà wọn tán ní Mẹ́kà, àdéhùn wa ni pé kí wọ́n dúró tì mí títí n ó fi bímọ, kí wọ́n máa wẹ ọmọ, kí wọ́n sì máa tọ́jú mi. O mọ̀ pé oyún àkọ́kọ́ mi nìyí. Bí wọ́n bá lọ, èmi àti Abdulwahid nìkan ló kù nínú ilé, ẹni méjì tí kò gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ rí. Ọkọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu ṣe, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sín, yóò sá ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nítorí náà, mo ń gbé Ìyá gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Bí wọ́n bá dìde kọjú sí ilé ìdáná, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú wọn, mo ní kí wọ́n lọ jókòó, kí wọ́n sinmi. Bí wọ́n bá mú ọ̀bẹ, mo ti gbà á. Ìyàwó wo ni yóò máa wòran kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa rẹ́ àlùbọ́sà? Wọ́n á ní ìyá mi kò kọ́ mi nílé. Ìyá á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ Lárúbáwá, wọ́n á tọ́ ọbẹ̀ mi wò, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì rọra tì í sẹ́yìn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Mẹ́kà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí a tún mú wọn lọ síbẹ̀, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó ń se mọ́ínmọ́ín fún àwọn ará wa nínú yàrá rẹ̀. A kírun tán, a wá Ìyá títí, àṣé wọ́n ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n ń bá obìnrin náà bó ẹ̀wà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín wọn hàn síta. Mọ́ínmọ́ín mẹ́ta ni wọ́n jẹ. Inú bí mi títí a fi dé Jẹ́dà, mo ń ro ohun tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí fi sínú ẹ̀wà tí èmi kò ní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá ní kí Abdulwahid wá ìjókòó fún àwọn nínú ọkọ̀ òfurufú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di báàgì.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti gbé ọgbọ́n tirẹ̀ dé. Ará Jàpáànù kan wà níbi iṣẹ́ wọn. Kéíkò, ìyàwó ọkùnrin náà, ti se oúnjẹ kan fún wọn rí tó ta débi pé Abdulwahid ń làágùn nídìí ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní ata bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ń wá. Ni Kéíkò bá wá kọ́ mi.

Nábè ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Omi ọbẹ̀ ṣooro ni, tí wọ́n fi atalẹ̀, aáyù àti ata pupa lílọ̀ sí. Wọ́n á po ìyẹ̀fun, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á bu ẹran lílọ̀ àti kábéèjì sí i láàárín, wọ́n á wá pa ẹnu rẹ̀ dé. Gíyósà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó jọ sàmbúsà tí àwọn ará ibí ń dín, àfi pé inú ọbẹ̀ ni tiwọn ń lọ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò nílé wọn, Kéíkò fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó ní adìẹ ni a ó lò, kí n fọkàn balẹ̀. Ẹnjiníà mi ní òun ni yóò máa pa ẹnu wọn dé. Kìfáyàtù, ó lọ mú rúlà wá. Ó ń wọn etí ìyẹ̀fun lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìyẹ̀fun fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí Kéíkò tẹnu mọ́ jù ni pé a kì í sè é tán nílé ìdáná. Orí sítóòfù onígáàsì kékeré ni ìkòkò máa ń wà láàárín àwọn tó ń jẹun, oníkálukú á máa ju tirẹ̀ sí i, á sì máa yọ ọ́ bó bá ti jinná. Bí ó ṣe wí ni mo ṣe. Ilẹ̀ ni Ìyá ti ń jẹun, mo gbé ìkòkò tiná-tiná síwájú wọn, mo gbé àwo ńlá tì í, kábéèjì tútù, olú àti gíyósà kún inú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní oúnjẹ ti délẹ̀.

Ìyá wo ìkòkò, wọ́n wo àwo, wọ́n wá wo èmi. Wọ́n ní, “Ìyàwó, oúnjẹ tí kò tíì jinná lo gbé fún mi yìí?”

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, mo lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ọkọ mi sáré ju gíyósà mẹ́ta sínú ìkòkò láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Àwọn tó fi rúlà wọ̀n náà ló kọ́kọ́ tú. Ẹran gba ọ̀tọ̀, ìyẹ̀fun gba ọ̀tọ̀, ó sì ń fi ṣíbí lé wọn kiri bí ẹni ń lé adìẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ wọn. Wọ́n dín iná kù, wọ́n kó èyí tó tú jáde, wọ́n kán omi ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ata yìí kàn ń pariwo ni, kò ní adùn. Wọ́n ní kí n lọ mú ìgò irú wọn wá nínú báàgì. Mo rántí Kéíkò, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé e mì. Irú wọlé, edé gbígbẹ wọlé. Gíyósà tó kù, wọ́n fi omi tọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀ pọ̀, kò sì sí èyí tó tún tú. Wọ́n ń bù fún wa, wọ́n ń bá Abdulwahid wí, òógùn bò wọ́n lójú, orí wọn sì ń wú. Mo ti lanu láti ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, kí wọ́n lọ sinmi, ni ọkọ mi bá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a jẹun tán ni wọ́n tó sọ ọ́, wọn kò sì fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Wọ́n ní, “Ìyàwó, o tọ́jú mi, Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, o kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣíbí. Ẹni tí kò lè wọ ilé ìdáná ọmọ rẹ̀, àlejò ni. Àlejò kì í sì í wẹ ọmọ.”

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì ní sọ fún ọ pé ata ló fà á. Nítorí náà, sọ fún àwọn ará Ìwó pé kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo fẹ́ẹ́ fi lé Ìyá. Ọ̀wọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni àlejò nílé ìdáná mi. Kéíkò yà kí wa lánàá, Ìyá sì bu nábè onírú fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi púpọ̀, ó wá béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Irú ọ̀hún sì ti fẹ́ẹ́ tán. Jọ̀wọ́, fi díẹ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà sí wa, kí o sì dì í dáadáa, kí ó má baà lé àwọn ará pápákọ̀ òfurufú sá.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí Bàbá. Kí àwọn àna rẹ náà, kí o sì fi ẹ̀wà tó jinná kí wọn.

Mo fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni mo yà sí ilé ìwẹ̀. Mo bá kànrìnkàn tuntun níbẹ̀, àti ọṣẹ dúdú, àti òrí nínú ike kékeré. Ìyá ti tò wọ́n sórí pẹpẹ, wọ́n sì ti gbé korobá kékeré kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń dúró de ọmọ.

                                                  Èmi ni, ẹnì kejì rẹ tí kì í yẹ̀,
                                                  Bùsírátù.