Gìgísẹ̀ Mi Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Ìyá Kọ̀ǹpútà ló ń bá mi kọ ọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé. Èmi ò mọ̀wé. Kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bù mọ́ ọn, kó má yọ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò mí nílé rí àmì dúdú kan ní gìgísẹ̀ mi, ó ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, kí n máa jẹ́ kí wọ́n kọ bó ṣe ń ṣe sílẹ̀. Tóò. Kò dùn mí. Kò yún mi. Àmì ni. Ta ni kò ní àmì?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Òjò. Ìyá Kọ̀ǹpútà ń rìn káàkiri yàrá bí adìẹ tó fẹ́ yé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ohun tó máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ lójú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn. Fọ́tò kékeré kan ni. Kọ̀ǹpútà á máa tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bíi táìlì, títí ojú ibẹ̀ á fi kún. Etí ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá etí òsì mu, òkè gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ mu, kí ojú má rí ibi tó ti so pọ̀. Amọ̀kòkò kan ló gbéṣẹ́ fún un—ilẹ̀ tó gbẹ, tó sán, ló fẹ́. Níbo ni ilẹ̀ gbígbẹ wà nínú òjò yìí?
Mo na ẹsẹ̀. Ó wò ó. Ó ní, "Màmá, ẹ má mira. Ilẹ̀ rèé."
Mo ní orí rẹ ti dàrú. Ó ti ń yà á. Àti àmì àti gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Ó fi hàn mí. Gìgísẹ̀ mi kún ojú kọ̀ǹpútà láti igun dé igun. Àmì yẹn tò lọ bí ìjàlọ. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní amọ̀kòkò fẹ́ràn rẹ̀, pé ó jọ òkúta inú ilẹ̀. Ẹ ò rí ayé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Ẹsẹ̀ wà. Èmi náà wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin
Nọ́ọ̀sì tún dé. "Mama, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo ní bàtà rẹ̀ ń dún ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò bínú. Irọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Amọ̀kòkò ní fọ́tò náà kéré, kó fẹ̀ sí i. Ìyá Kọ̀ǹpútà tún ya gìgísẹ̀ mi, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àkọ́kọ́. Láti àárọ̀. Kò lẹ̀. Mo ní ṣé o ò ní jẹun ni? Mo ní ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n nígbà tó o yà á. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wò ó."
Ó gbé tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ìlà bá ìlà mu. Àpá ibi tí ìgò ti gé mi ṣe wẹ́kú. Àmì yẹn nìkan ló yọ síta, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí tàdáwà tó dà sórí aṣọ.
Ó ní, "Ṣé ọwọ́ mi náà ló ṣe èyí?"
Mo wò ó títí. Awọ mi ò bá awọ mi mu mọ́.
Mo ní kó pe nọ́ọ̀sì. Kó yéé da omi ojú sórí kọ̀ǹpútà, yóò bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n
Dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọdé ni. Ó ń pè mí ní "Mama wa." Ta ni wa?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún
Èsì àyẹ̀wò ò tíì dé. Mo jókòó—mo dìde—mo jókòó. Ó ń ṣe mí bíi kí n bá èèyàn jà, kò sẹ́ni. Ìyá Kọ̀ǹpútà ń yọ́ rìn nínú ilé bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Mo ní kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án
Jẹjẹrẹ ni. Kọ ọ́, má wò mí. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gé e, pẹ̀lú ẹran tó yí i ká. Dókítà ní ó dà bíi pé kò tíì rìn jìnnà. Kò ṣèlérí. Mo ní ṣé màá rìn? Ó ní màá máa tiro. Títiro ò pa arúgbó.
Má tíì pe ìyá rẹ, ariwo rẹ̀ á pọ̀ jù. Àbúrò mi obìnrin ni kó o kọ́kọ́ pè. Inú kan náà la ti wá, irú ẹsẹ̀ kan náà la ní. Bó bá fẹ́ sunkún, sọ pé mo ní kó dúró ná. Kó bọ́ bàtà. Kó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, kí ọmọ rẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kó wá máa sunkún.