Bàtà Tí A Rán Yíká: Ẹ̀bẹ̀ Kí Ọmọ Mi Lè Sá Eré Ọ̀nà Oko

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ìdíkọ̀ Rélùwéè,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Eré Ìje Ọ̀nà Oko,
Ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀, Ọ̀nà Ijagbo,
Ọ̀fà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi tí mo bọ̀wọ̀ fún,

BÀTÀ OMIDAN ỌMỌ́YẸNI OYÈTÚNDÉ TÍ Ẹ NÍ KÒ YẸ FÚN ERÉ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ TÚN UN YẸ̀ WÒ KÍ OṢÙ KỌKÀNLÁ TÓ DÉ

Èmi ni Evelyn Oyètúndé, opó tí ń ta ohun èlò inú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀ rélùwéè. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ìyá wò ó. Ọmọ tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ohun tó sọ ni pé, “Mummy, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ ni mo ní mo gbọ́, mi ò ní màá fi yín sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe rí bàtà náà, nítorí ó dà bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ yín rò pé ńṣe la kàn ṣa ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ́yẹni kì í ṣe eléré ìdárayá tó fi eré sísá jẹun. Ibi iṣẹ́ ló máa ń wà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, orí títì ọlọ́dà ló sì máa ń sá eré ìmárale rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀nà oko, bí ẹ bá pè wọ́n nìkan ni, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún. Bàtà òkè òkun tí ẹ kọ orúkọ wọn sára ògiri ọ́fíìsì yín, odindi owó oṣù rẹ̀ ni yóò gbé lọ, Ọmọ́yẹni kò sì ní wọ̀ ọ́ tó iye owó tó ná lé e. Nítorí náà ó lọ sọ́dọ̀ Taofeek tó ń ta bàtà òkìríkà lọ́jọ́ ọjà, mo sì tẹ̀lé e, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mi ò rí irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Èmi, bí bàtà bá ti wọlé sí mi lẹ́sẹ̀, mo ti rà á nìyẹn. Ọmọ́yẹni á mú bàtà, á tẹ orí rẹ̀ wò bóyá ó le tó láti gba ìkọsẹ̀. Á ká a, ó ní níwájú níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti ká, bó bá ká láàárín, á dá a padà. Ó bu omi inú ọ̀rá sínú ọ̀kan, ó ń wo bí omi ṣe ń jò jáde. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ó wọ tọ̀tún tòsì, ó lọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun bá ń kan iwájú bàtà lórí àtẹ̀gùn, èékánná òun máa dúdú lórí òkè. Taofeek wò ó títí, ó ní, “Aunty, ṣé bàtà lẹ fẹ́ rà àbí ọkọ lẹ fẹ́ fẹ́?” Èmi ni mo dá a lóhùn pé tó bá fi ojú yìí yan ọkọ, èmi ìyá rẹ̀ á sùn dáadáa. Ẹ má bínú pé mo kọ èyí sínú ìwé tó ń lọ sí ọ́fíìsì, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ra bàtà bọ́ọ̀lù tí eyín ìdí rẹ̀ gùn, nítorí lójú tèmi, eyín gígùn ló ń di ilẹ̀ mú. Ó ní rárá. Ó ní eyín gígùn tó le a máa yọ̀ lórí àpáta bí ìgbà tí èèyàn wọ ìgò, kò sì ṣeé fi rìn lórí ọ̀dà láti ilé dé ẹnu ọ̀nà oko. Èyí tó mú ní eyín kúkúrú, wọ́n jìnnà síra díẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà dì sáàárín wọn, rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ débi pé tí mo bá fi àtàǹpàkò fà á, ńṣe ló ń di awọ ọwọ́ mi mú. Àwọ̀ rẹ̀ kò wù mí. Kò sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ lára rẹ̀. Òun ló mú.

Ọ̀rọ̀ okùn ara bàtà ló kàn báyìí, òun gan-an sì ni ẹjọ́ tí mo mú wá. Nínú ilé tèmi, a kì í wọ bàtà tuntun tàbí òkìríkà kí aránbàtà tó rán etí rẹ̀ yíká. Bàbá àwọn ọmọ yìí ló fi àṣà náà lélẹ̀, ilé wa nìkan sì kọ́ ló ń ṣe é ní Ọ̀fà. A kì í dúró kí ó ya kí a tó rán an. Kí ó má baà ya ni a ṣe ń rán an. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí, okùn kàn wá di ẹ̀rí kejì fún un ni. Ọjọ́ kejì ọjọ́ ọjà ni mo gbé bàtà Ọmọ́yẹni lọ rán, bí mo ṣe gbé ti Barnabas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà tó ń lọ sí Abuja.

Ní ọjọ́ eré ti oṣù Keje, òjò ti ń rọ̀ láti àfẹ̀mọ́jú. Mo tẹ̀lé Ọmọ́yẹni dé pápá tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ wòran. Mo ti rí àpáta tó dojú kọ pápá náà nígbà tí mo ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà mi kan bọ̀ láti Ojoku, mo rí bó ṣe dúdú tó ń dán tí òjò bá pa á, oorun kò sì kùn mí láti ìgbà náà. Ọmọ tó pẹ́ kó tó rìn ni Ọmọ́yẹni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bi mí bóyá kò ní rìn ni. Mo lọ kí n lè bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bá mi padà sílé.

Abẹ́ àtíbàbà ni Ọ̀gbẹ́ni Kabir, òṣìṣẹ́ yín, ti ń yẹ bàtà wò. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó yí bàtà náà po, ó fi èékánná họ okùn etí rẹ̀, ó ní, “Èyí tí wọ́n ti tún ṣe nìyí. Ó máa là lójú ọ̀nà.” Kò ká a. Kò fà á. Kò wo ìdí rẹ̀. Okùn ló rí, ó sì ní kí ó bọ́ sẹ́yìn. Mo wo ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kabir fúnra rẹ̀ bó ṣe dúró síbẹ̀: bàtà aláwọ dúdú ló wọ̀, aránbàtà sì ti rán an yíká pẹ̀lú okùn funfun. Inú mi dùn, ẹ̀yin Ọ̀gá. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n ti ṣe é fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀kadà tó máa gbé wa lọ sílé.

Àwọn asáré yòókù ti lọ tán nígbà tí fóònù akọ̀wé yín, Ìyáàfin Adétóyè, dún. Asáré kan ti fi ẹsẹ̀ rọ́ lódò tó wà lódìkejì àpáta. Ọ̀kadà tó yẹ kó gbé báàgì oògùn àti báńdéèjì lọ síbẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀, ó ti padà. Ìyáàfin Adétóyè bojú wo gbogbo wa tó dúró lábẹ́ àtíbàbà, ó ní, “Ta ló lè gbé e kọjá lórí àpáta?” Ọmọ́yẹni nawọ́ gba báàgì náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Ṣebí wọ́n ní bàtà rẹ kò dára?” Ó ní, “Mummy, ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́ ń dúró.” Ó tú ọwọ́ mi kúrò pẹ̀lẹ́, ó so báàgì mọ́ ẹ̀yìn, ó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kabir wà níbẹ̀. Kò dá a dúró.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà, mo ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti oṣù Keje, n kò tíì rí i. Omi ń ṣàn lórí àpáta náà bí ẹni tú u láti inú korobá. Ọmọ mi kò gùn ún tààrà. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ní kúkúrú kúkúrú, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bí ẹni pé àpáta náà ń sọ fún un ibi tí yóò tẹ̀. Nígbà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo rí i. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé èkejì, bàtà náà ti dì í mú, ó ti kọjá ibẹ̀. Ó dé góńgó, ó dúró lójú ọ̀run níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré, òjò yí i ká, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sódìkejì, n kò rí i mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti gbàgbé láti bẹ̀rù. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, n kò rò pé mo gbàgbé bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró sínú òjò, ẹnu mi là sílẹ̀. Mo ní, ta ló bí èyí?

Ó gbé báàgì dé ibẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ arákùnrin náà, ó sì gba orí àpáta kan náà padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ fún un ní ohun mímu. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ìkéde yín jáde pé ní eré àṣekágbá oṣù Kọkànlá, ẹni tó bá wọ bàtà tí aránbàtà ti fọwọ́ kàn kò ní sá, àti pé kí oníkálukú ra ọ̀kan nínú àwọn tó wà lára ògiri yín. Ẹ̀yin Ọ̀gá mi, mo fi ọ̀wọ̀ béèrè: báwo ni bàtà tó yẹ láti jẹ́ iṣẹ́ yín lórí àpáta náà lójú òjò, ṣe wá di èyí tí kò yẹ láti fi sáré lórí àpáta kan náà?

N kò sọ pé kí ẹ má yẹ bàtà wò. Ẹ̀rù ẹni tó ṣubú ń bà mí ju bó ṣe ń ba yín lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ yẹ bàtà gan-an wò, kì í ṣe okùn. Ẹ ká a. Ẹ fa ìdí rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi. Kí ẹ ya èyí tí a rán kí ó má baà là sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti là kí a tó rán an, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, gbogbo ẹni tó dàgbà ní Ọ̀fà ló sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Kí ẹ sì ro ti àwọn ọmọ tó ń sá ọ̀nà oko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ọgbọ́n yan èyí tí agbára wọn ká. Bí ẹ bá yẹ ti Ọmọ́yẹni wò bẹ́ẹ̀, tí ìdí rẹ̀ bá mì, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sílé, n kò sì ní kọ lẹ́tà kankan sí yín mọ́.

Bí kò bá sì mì, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sá eré. Ohun kan ni mo sì ń tọrọ fún ara mi. Mo gbọ́ pé ẹ kì í jẹ́ kí ará ilé dúró sí ìsàlẹ̀ àpáta nítorí pé àwọn ìyá máa ń pariwo. Mi ò ní pariwo. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣáà fún mi láyè kí n dúró síbi tí mo ti lè rí i.

Mo dúpẹ́ fún àkókò tí ẹ fi ka ìwé mi.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Evelyn Oyètúndé (Ìyáàfin),
Ìyá Ọmọ́yẹni.