Ìrántí Ohun tí Kò Kú: Sí Ìdílé Alhaji Jímọ̀ Ògúndèjì, Ṣakí

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, ọdún 2026, Alhaji Jímọ̀ Ògúndèjì kú nílé rẹ̀ ní Ṣakí, lẹ́yìn tó kí ìrun àsùbáà tán. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí i, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ló sì bá lọ.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ṣùgbọ́n tó kún fún ọpẹ́, ni Ẹgbẹ́ Àwọn Atún-Rédíò-àti-Tẹlifíṣọ̀n-Ṣe, Ẹ̀ka Ṣakí, fi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin Alhaja Àmọ̀kẹ́, aya olóògbé, sí Sọ̀fíyàt ọmọ yín tó wà ní Melbourne, àti sí gbogbo agbo ilé Ògúndèjì. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin àti àwa jọ mọ̀ pé ìgbà kan ti wà rí tí ẹgbẹ́ yìí kí yín báyìí nígbà tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà la fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé inú rẹ̀ ni oore tí olóògbé ṣe fún wa ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló mọ irú iṣẹ́ tí Alhaji ṣe lókè òkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, tó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ọsirélíà. Ìparí ọdún 1974 ló dé Melbourne. Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wọn bọ́ nínú dúdú-àti-funfun tó di aláwọ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 1975. Ó máa ń sọ pé òun dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jọ́ náà, òun àti àwọn òyìnbó tí òun kò mọ̀ rí, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni pé wọn kò rí pupa àti àwọ̀ ewé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ fi í sí yàrá tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ pa mọ́ sí, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bí ọjọ́ ìrántí kan bá ti ń bọ̀, òun ni wọ́n ń sáré wá bá pé kó bá wọn wá ti ọjọ́ báyìí jáde, kó bá wọn wá ti ọdún báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ohun tó ti kọjá má ṣe sọnù.

Nígbà tí ẹ jọ padà wálé, ẹrù tó ń ṣọ́ jù nínú ẹrù rẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀rọ fídíò kan ni, àti páálí kásẹ́ẹ̀tì. Alága ẹgbẹ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ Ọlátúnjí, ni ẹ ránṣẹ́ pè pé kó wá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí ẹ rà ní Ṣakí níbí. Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sọ́tùn-ún sósì, kò lè wọ ihò iná wa. Alága gé e, ó fi tiwa sí i. Ó wá kìlọ̀ fún Alhaji pé kó má retí ohun púpọ̀, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kó ti Amẹ́ríkà bọ̀ kì í gbọ́ràn sí ẹ̀rọ tiwa lẹ́nu: àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, àwòrán rẹ̀ á máa yí gbirigbiri. Ṣùgbọ́n ti Alhaji wọlé wẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pé pérépéré.

Alhaji ní, "Ọ̀nà kan náà ni àwa àti Ọsirélíà ń gbà fi àwọ̀ ránṣẹ́, Alága. Ìbátan ni wá. A kàn jìnnà síra ni."

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kejì tí ẹ dé ló pe akọ̀wé wa lórí fóònù, tó ní kí ẹgbẹ́ wá bá òun ṣe ìrántí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án. Akọ̀wé bi í pé ìrántí ta ni. Fóònù ń já lu ara, "ti Ọsirélíà" nìkan ni akọ̀wé rí gbọ́. Ní ìlú wa níbí, òkú là ń ṣe ìrántí fún. A gbà pé ẹni rẹ̀ kan ló kú sọ́hùn-ún. Alága ní kí gbogbo wa wọ funfun. Ó lọ mú Àfáà Kàdírì dání kó wá ṣe àdúà. A tò wọ inú ọgbà yín lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ojú wa le, a tẹríba, a ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, Alhaji. Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún un."

Igbe tí a gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, tiyín ni, Alhaja. Ẹ ju abọ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ sáré jáde. "Ta ló kú? Ẹ̀yin baba, ta ló kú?"

"Ẹ̀yin lẹ pè wá, ìyàwó wa," ni Alága dáhùn. "Àwa la fẹ́ bi yín."

Alhaji na ọwọ́ sí inú pálọ̀. "Tẹlifíṣọ̀n ni!"

"Tẹlifíṣọ̀n ló kú?" ni Àfáà Kàdírì wí.

"Kò kú, Àfáà! Ọjọ́ tí wọ́n bí i ní Ọsirélíà là ń rántí."

"Ẹ ò sì sọ pé ìsọmọlórúkọ ni! Àdúà òkú ni mo gbé wá láti ilé."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí, sọ láti ẹ̀yìn pé, "Mo ṣáà ń rò ó. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló kú, àwa ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè. À bá ti jí i."

Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú yín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ilé rẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ara gbogbo wa rọlẹ̀, Alhaji tan ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló yọ, tó ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Alhaji ní ìlú Sydney nìyẹn, ọdún 1956 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá a dúró. "Ẹ wò ó dáadáa," ni ó wí. "Èyí tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ti ọjọ́ náà. Ti ọjọ́ náà gan-an, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe." Ó ní ìdí tí òun fi pè wá nìyẹn. Ohun tó bá ṣe wá lóore, kí a má dúró dìgbà tó bá kú kí a tó péjọ nítorí rẹ̀. Kí a sì gbà á sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé àtúnṣe kì í rí bí ti àkọ́kọ́.

Alága ní kó rọra, kó má ba ọjà wa jẹ́.

Láti ìgbà náà ni ọjọ́ yẹn ti di ti ẹgbẹ́ wa. Àwọn ará Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn ń wá bá wa níbẹ̀. Alhaji fi ọkọ̀ ojú irin ìgboro hàn wá, èyí tó ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù ní Melbourne lọ́dún 1967, nígbà tí gbogbo ayé kọ́kọ́ pa ọwọ́ pọ̀ wo ètò kan náà láti orí sátẹ́láìtì ojú ọ̀run. Ó sọ fún wa bí àwòrán àwọn tó kọ́kọ́ tẹ òṣùpá ṣe gba ojú àwo eríàlì ńlá ní Ọsirélíà kó tó tàn káàkiri. Èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ràn jù ni ti ọdún 2000, nígbà tí àwọn ọmọ wa mẹ́rin ń sáré ní Sydney, tí wọ́n ń na ọ̀pá fún ara wọn. A ti mọ ibi tó máa parí sí. Síbẹ̀, ọdọọdún là ń dìde dúró, tí a ń pariwo bí ẹni pé ariwo wa yóò tún un ṣe. Fàdákà ni wọ́n fún wọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n gba ti àwọn Amẹ́ríkà nítorí oògùn, ni wúrà tó dé. Alhaji a ní, "Ẹ ò rí bí oore ṣe ń pẹ́ lọ́nà?"

Kò fi mọ sí ti Ọsirélíà nìkan. Ó ra kámẹ́rà tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Waheedat gba fírídọ́ọ̀mù, obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yìí jálẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ wa, Alhaji ló gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí ìyá Waheedat ti ń bú àwọn tó sọ pé ọmọ òun kò ní lè ṣe é. Òun náà ló ní kí a ṣe ìrántí Bàbá Bàṣírù, ẹni tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níṣẹ́. Bàbá kọ́kọ́ bínú.

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Ìdí tí a fi ń yára nìyẹn, Bàbá," ni Alhaji dá a lóhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kú ní tòótọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀rọ̀ rere kan lẹ́nu wa tí kò tíì gbọ́. Ẹgbẹ́ yìí kò mọ bí a ṣe ń ṣe irú rẹ̀ kí Alhaji tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó di kámẹ́rà mú kì í sí nínú àwòrán. Nínú gbogbo ohun tí Alhaji gbà sílẹ̀ fún wa, ojú rẹ̀ kò hàn níbì kankan. Ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òun la ń gbọ́ lẹ́yìn, tó ń sọ pé, "Ẹ súnmọ́ra. Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tújú ká. Kì í ṣe òkú là ń sin."

Ọdún yìí ló pé àádọ́rin ọdún tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà, Alhaji sì ti ń múra rẹ̀ láti èṣí. Nígbà tó kú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kí a ṣe é nínú ọgbà yín bí a ti ń ṣe é. Àwọn kan ní a kò lè gbé ẹ̀rín wọ ilé ọ̀fọ̀ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́. Alága wà lára àwọn tó ní kí a dá a dúró. Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kó lè gbà. Ó ní kò yẹ kí opó jókòó kí ohùn ọkọ rẹ̀ máa jáde nínú àpótí. Etí opó ló dárúkọ. Kò dárúkọ etí tirẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó wá bá yín láti sọ fún yín pé a ti fagi lé e. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ wá ní:

"Alága, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú nínú ilé yìí, ẹ wá kí wa kú ara fẹ́ra kù, ẹ tún mú àfáà dání. Nísinsìnyí tí òkú ti wà, ẹ fẹ́ jókòó sílé yín? Ẹ wá o. Ẹ wá bá mi gbọ́ ohùn ọkọ mi. Èmi nìkan ò lè tan ẹ̀rọ yẹn."

Alága ní òun ti gbọ́.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ń bọ̀. A óò wọ funfun. Àfáà Kàdírì ní lọ́tẹ̀ yìí òun yóò gbé àdúà méjèèjì dání. Gẹ́gẹ́ bí opó Mùsùlùmí, inú yàrá lẹ óò wà. A óò ṣí fèrèsé sílẹ̀, a óò sì yí ohùn sókè. Àárọ̀ la óò bẹ̀rẹ̀, kí Sọ̀fíyàt lè bá wa wò ó lórí fóònù kí ó tó di àkókò oorun lọ́dọ̀ tiwọn. Waheedat ti ń da àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà kọ sórí fláàṣì kí wọ́n má bàa jẹrà, ẹ̀dà kan yóò sì tẹ Sọ̀fíyàt lọ́wọ́. Títí ẹgbẹ́ yìí yóò fi wà, ẹ̀rọ inú pálọ̀ yín kò ní bàjẹ́ kó dúró di ọjọ́ kejì.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Alhaja. Ìgbà tó yẹ kó máa sinmi lọ́dọ̀ yín lẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, ẹ sì ń gbọ́únjẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó kọ́kọ́ wọlé yín bí ẹni wá báni ṣọ̀fọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi í hàn wá.

Kí Ọlọ́run Ọba forí àṣìṣe rẹ̀ jì í, kí Ó fi Àlùjánnà ṣe ilé fún un. Kí Ó gbé ọwọ́ àánú lé ọkàn yín, kí Ó dúró ti Sọ̀fíyàt ní ọ̀nà jíjìn tó wà, kí Ó má sì jẹ́ kí ilé náà dá páropáro. Àmín.

Gbádébọ̀ Ọlátúnjí,
Alága, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́, Ṣakí.

Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀:
Aya kan, Alhaja Àmọ̀kẹ́.
Ọmọ kan, Sọ̀fíyàt, àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì dé Ṣakí rí.
Ẹ̀rọ fídíò kan, ó ń ṣiṣẹ́.
Páálí kásẹ́ẹ̀tì.
Kámẹ́rà kan, àti àga tó máa ń gbé sẹ́yìn rẹ̀.
Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ gẹ̀rẹ́ tí Alága gé, tí kò jẹ́ kí a jù nù.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án.
Ohùn rẹ̀, níbi tó ti ń sọ fún Alága pé kó tújú ká.