Alhaji Abdul Motaleb Sareng (1952–2018): Ẹni Tó Dáṣọ Ogun fún Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Tó Ti Kú

Ní ọdún 1952 ni Ọlọ́run Ọba fi Abdul Motaleb ta ìdílé Sareng lọ́rẹ ní abúlé Char Mohishdi, létí odò Meghna, níbi tí fèrè ọkọ̀ ńlá Chandpur ti ń jí èèyàn sí ìrun àárọ̀. Bàbá wọn, Kasem Sareng, jẹ́ atukọ̀, ọmọ atukọ̀, ọmọ-ọmọ atukọ̀. Ìyá wọn, Meher Banu, ni gbogbo abúlé ń wá kiri bí àsìkò ẹja ìlíṣì bá dé, nítorí pé ọwọ́ wọn dùn nídìí ìkòkò. Nílé Sareng, ọmọ kì í mọ bàtà wọ̀ kó tó mọ omi wẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni Bàbá wa, Motaleb, kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú ní Chandpur. Àwọn olùkọ́ jẹ́rìí pé ìwà wọn dára. Nípa ìṣirò, àwọn olùkọ́ dákẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan ṣoṣo ni Lokman, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Kohinur Bibi bí. Opó ni Ìyá Kohinur, àwọn ló ń hun gámúsà tí àwọn ọkùnrin abúlé ń fi nura, tí wọ́n ń wé mọ́rí bí oòrùn bá mú. Bí Motaleb bá ti jẹun tán nílé tiwọn, ilé Ìyá Kohinur ló kàn. Ìyá Kohinur á ní, "Motaleb, ṣé o ti jẹun?" Wọ́n á ní, "Rárá o, Ìyá." Irọ́ funfun báláú!

Ní ọdún 1971, ogun òmìnira Bangladesh bẹ́ sílẹ̀. Motaleb jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Lokman jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Àwọn méjèèjì sọdá ẹnubodè sí India, wọ́n sì fi wọ́n sí ẹgbẹ́ kọmándò ojú omi, nítorí pé omi kò ní ohun tí yóò fi dẹ́rù bà wọ́n. Bíríkì ni wọ́n dì mọ́ wọn níkùn láti fi kọ́ bí a ṣe ń gbé bọ́ǹbù lúwẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sẹ́ni tó fún wọn láṣọ ogun. Kò sí fìlà, kò sí bẹ́líìtì, kò sí àmì kankan léjìká. Pátá ìlúwẹ̀ẹ́, bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀bẹ kan, ó tán. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n wọ odò ní Chandpur, wọ́n lẹ bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀ ọ̀tá, ọkọ̀ náà sì rì. Bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá wa gúnlẹ̀. Lokman kò gúnlẹ̀. Meghna kò sì dá òkú rẹ̀ padà.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń jà ràn-ìn nílé. Apẹja kan ti rí àwọn ọmọ méjì nínú omi, pátá lásán ní ìdí, ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì múra báyẹn lórí odò wa, olè tí ń jí ẹrù inú ọkọ̀ ni. Dudu Mia, àbúrò bàbá Lokman, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni ń tajà. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Kohinur.

"Ṣójà wo ló ń wọ pátá lọ jagun? Àwọn ìyá tó kù gba káákì ọmọ wọn, wọ́n gba fìlà. Kohinur, tìrẹ dà?"

Bàbá wa fẹ́ sọ̀rọ̀. Dudu kò jẹ́ kí wọ́n la ẹnu tán. "Ẹ̀n-ẹ́n! Olè ń jẹ́rìí olè!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn àna tó fẹ́ gbé Rahela, àbúrò Lokman, níyàwó ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́. Ìyá Kohinur wá fa Bàbá wa sí kọ̀rọ̀, wọ́n di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

"Motaleb, sọ fún mi. Ṣé òtítọ́ ni pé ìhòòhò lọmọ mi kú?"

Bàbá wa wo ojú Ìyá. "Irọ́ ni, Ìyá. Ó láṣọ ogun. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó wọ omi ni. Màá lọ gbé e wá."

Wọ́n mórí lé ọ̀dọ̀ Nitai, télọ̀ tí ń ránṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Chandpur. Nitai kò rí aṣọ kọmándò rí. Bàbá wa náà kò rí i, nítorí pé kò sí. Nitai gé aṣọ funfun, ó kan bọ́tìnnì aláwọ̀ góòlù sí i, ó fa ìlà góòlù mẹ́rin sí èjìká bíi ti ọ̀gá ọkọ̀ ńlá. Lokman, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, di ọ̀gágun. Lẹ́yìn náà ni Nitai ran ìdákọ̀ró sí àyà aṣọ náà, ó sì ran odindi ẹja ìlíṣì tì í.

"Nitai, ẹja kẹ̀?"

"Máa wò mí níran. Bí kò bá sí ẹja láyà ẹ̀, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé inú omi ló ti jà?"

Bàbá wa rẹ aṣọ náà sínú odò, wọ́n sá a, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè gbó díẹ̀. Ìyá Kohinur gbà á, wọ́n fi bo ojú, wọ́n sunkún títí. Wọ́n fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà, Dudu Mia sì panu mọ́. Àwọn àna padà wá pẹ̀lú àdídùn. Rahela fúnra rẹ̀ ló dá wọn lóhùn: "Ẹ gbé e padà. Ẹni tó ní láti rí bọ́tìnnì góòlù kó tó gbà pé ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe olè, mi ò fẹ́ ẹ."

Ní ọdún 1974, Alhaji Motaleb fẹ́ Rahela. Wọ́n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ náà fún ìyàwó wọn, àwọn méjèèjì sì gbé e mì. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n: ọjọ́ tí Ìyá bá mọ̀, ọkàn Ìyá á bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀gàn á sì tún padà sórí Lokman.

Bàbá wa tukọ̀ lórí Meghna fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọn kì í sì í gbọ́ àwáwí ìyá ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1986, àwọn kọmándò tó ṣẹ́kù pàdé létí odò ní Chandpur láti ṣàdúà fún àwọn tó kú. Láìròtẹ́lẹ̀, Ìyá Kohinur yọ, wọ́n ru àpótí. Dudu Mia tẹ̀ lé wọn, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló bá wá. Ìyá tẹ́ aṣọ Lokman sórí tábìlì níwájú Ọ̀gbẹ́ni Mahtab tó kọ́ àwọn ọmọ náà níṣẹ́ ogun.

"Ẹ wo ti ọmọ mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí ẹnì kankan nínú yín ò wọ tiẹ̀?"

Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn: "Kọmándò ni àbí oníṣòwò ẹja?" Ọ̀gbẹ́ni Mahtab wo ẹja, ó wo Bàbá wa, òye yé e. Ó ti ń la ẹnu láti sọ pé aṣọ àwọn nìyẹn lóòótọ́. Bàbá wa kò lè gbà kí àgbàlagbà purọ́ nítorí tiwọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ Ìyá mú.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n rán an. A ò láṣọ kankan. Pátá la wọ̀."

Dudu Mia ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Kohinur ká aṣọ orí tábìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbéèrè ahunṣọ ni wọ́n wá béèrè.

"Bọ́ǹbù tó wúwo yẹn, kí lẹ fi dì í mọ́kùn?"

"Gámúsà, Ìyá. Kálukú lo èyí tó mú wá láti ilé."

"Ti Lokman ńkọ́?"

"Pupa ni. Ìlà àwọ̀ ewé mẹ́ta wà létí rẹ̀. Èmi ni mo bá a so ó lẹ́yìn."

Ní abúlé wa, ahunṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Kohinur nìkan ni ìlà mẹ́ta yẹn ti ń jáde. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo hun ún. Aṣọ mi lọmọ mi wọ̀ lọ sógun."

Ọ̀gbẹ́ni Mahtab sunkún, gbogbo wọn sunkún. Lójijì ni Ìyá gbá Bàbá wa lẹ́yìn gbàà: "Ọmọ burúkú yìí! O jẹ́ kí n máa fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹja láti ọjọ́ yìí wá!"

Láti ọdún náà ni Ìyá Kohinur ti ń hun gámúsà onílà mẹ́ta fún gbogbo kọmándò tó ṣẹ́kù, wọ́n sì ń gbé e lé èjìká bí ọjọ́ àdúà bá dé. Dudu Mia náà wá tọrọ tirẹ̀. Ìyá ní, "Aṣọ olè ni o, kò yẹ ọ́." Ọdún kejì ni wọ́n tó fún un.

Bàbá wa lọ Mẹ́kà ní ọdún 2009. Ìrun kì í kọjá wọn, orúkọ Lokman kì í sì í jẹ́ kí àdúà wọn tètè parí. Wọ́n jẹ́ Ọlọ́run nípè ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Alhaja Rahela, sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Lokman Kékeré, Shirin àti Tuhin, ọmọ-ọmọ méje, àti Ìyá Kohinur Bibi, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bo ojú Bàbá wa kí wọ́n tó gbé wọn lọ kírun sí wọn lára, Ìyá na ọwọ́.

"Ẹ má tíì bò ó. Ti èkíní, n ò rí ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wo èyí dáadáa."

Gbogbo ilé dúró dè wọ́n. Ìyá wo Bàbá wa títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tó fi ọwọ́ ara wọn fa aṣọ òkú bò wọ́n lójú.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ yín, Bàbá wa. Ẹ sùn un re. Ìyá ti rí yín.